Kí Ló Dé Tí Àgbẹ̀ Fi Ń Túlẹ̀ Etí Oko Nìkan Lẹ́yìn Ìkórè?

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti London lọ sí Peterborough tàbí Lincoln láàárín òpin oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án yóò rí nǹkan kan tó máa ń rú àwọn èèyàn wa lójú. Oko àlìkámà tó lọ salalu, wọ́n ti kórè rẹ̀ tán. Àárín oko ṣì pọ́n rúsúrúsú, kùkùté àlìkámà tò sórí ìlà láti ìhín dé ọ̀hún. Ṣùgbọ́n etí oko yíká-yíká, wọ́n ti túlẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ dúdú ló hàn síta níbẹ̀. Wọ́n tú etí, wọ́n fi àárín sílẹ̀.

Àwọn kan á ní epo ló tán nínú katakata. Àwọn kan á ní òjò ló lé àgbẹ̀ wọlé. Àwọn mìíràn á ní ààlà ni wọ́n fi ń pa, kí ará ẹ̀gbẹ́ oko má baà jẹ ilẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Kò sí ọ̀kan tó jóòótọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àgbẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Nínú oko ńlá, etí àti àárín kì í ṣe ilẹ̀ kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irúgbìn kan náà ló wà lórí méjèèjì. Etí ni iná ń gbà wọlé, etí ni èpò ń gbà wọlé, etí sì ni táyà ńlá ń tẹ̀ jù. Ibi tí wàhálà wà ni àgbẹ̀ ń da epo rẹ̀ sí.

Àwọn nǹkan wo ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀?

Àlìkámà ni ọkà tí wọ́n fi ń ṣe ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Ní England, oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń gbìn ín. Yóò la ìgbà òtútù já, wọ́n á sì kórè rẹ̀ ní oṣù Keje sí Kẹjọ ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ ìkórè ńlá kan ló ń gé e, tó ń pa á, tó sì ń fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí àlìkámà tó kù lórí ìdúró lẹ́yìn ẹ̀rọ náà ni mò ń pè ní kùkùté. Igi rẹ̀ gbígbẹ tí ẹ̀rọ ti dà sílẹ̀ ni pòròpórò. Àwọn àgbẹ̀ kan á di pòròpórò yìí ní ẹrù-ẹrù fún àwọn tó ń sin màlúù, àwọn kan á jẹ́ kí ẹ̀rọ gé e wẹ́wẹ́ kó sì fọ́n ọn sórí ilẹ̀.

Kí a túlẹ̀ ni kí a fi irin tí katakata ń fà ru ilẹ̀ sókè. Ó lè jẹ́ páláò, tó ń dojú ilẹ̀ dé. Ó lè jẹ́ hárò, tó ní àwo irin róbótó-róbótó tó ń gé ilẹ̀ wẹ́wẹ́ lókè-lókè. Ó sì lè jẹ́ irin eléékánná gígùn tó ń wọlẹ̀ jìn láì dojú ilẹ̀ dé. Èyí tí àgbẹ̀ bá fà jáde ń sọ ohun tó ń bá jà fún wa, a ó padà sí i.

Etí oko wá ńkọ́? Láti ìdí ọgbà igi, ìyẹn igi kúkúrú tí wọ́n gbìn pọ̀ bí ògiri, tàbí kòtò tó yí oko ká, títí dé ibi tí katakata ti yí orí padà tán, ni etí oko. Kì í ṣe ibi kékeré o. Ẹ jẹ́ ká mú oko hẹ́kítà 10 tí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan á gùn tó nǹkan bíi mítà 316. Bí àgbẹ̀ bá túlẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 6 yí i ká, ìyẹn kò tó hẹ́kítà 1, ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún oko náà ni. Ṣùgbọ́n apá ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀ fi ń fọ́n oògùn fẹ̀ tó mítà 24, ó sì gbọ́dọ̀ rí ibi yí padà. Bí a bá ka mítà 24 yẹn sí etí oko, á gba hẹ́kítà 2.8, ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin oko lọ nìyẹn. Ẹni tó bá rò pé etí oko kò já mọ́ nǹkan kan, kó tún ìṣirò náà wò.

Ṣé nítorí iná ni?

Nígbà púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni, pàápàá ní ọdún tí oòrùn bá mú. Àlìkámà tó gbó tán ti gbẹ, pòròpórò rẹ̀ ti gbẹ, kùkùté rẹ̀ pẹ̀lú ti gbẹ. Bí iná bá ṣẹ́ sí i tí atẹ́gùn sì wà, ẹsẹ̀ èèyàn kò lè lé e bá.

Ẹ̀rọ ìkórè gan-an lè dá iná sílẹ̀. Ìyàngbò àti eruku á kó sí ara ẹ́ńjìnnì tó gbóná, tàbí kí bẹ́árìn tó ti jẹ gbóná di pípọ́n, tàbí kí irin tó ń gé ọkà gbá òkúta kó ta iná. Ìlà-oòrùn England sì kún fún akọ òkúta. Iná mìíràn ń ti ìta wá: àmukù sìgá tí ẹnìkan jù láti inú mọ́tò, ààrò alágbèéká tí àwọn tó wá ṣe fàájì fi ẹran sun tí wọn ò pa iná rẹ̀ dáadáa. Ẹ ó rí i pé ojú ọ̀nà ni iná tó ń ti ìta wá yìí sábà máa ń gbà wọlé, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé etí tó kọjú sí ọ̀nà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tú.

Iná kò lè jó ohun tí kò sí. Bí a bá túlẹ̀, kùkùté àti pòròpórò wọlẹ̀, erùpẹ̀ ló kù lójú. Iná tó bá dé ibẹ̀ kò ní rí nǹkan jẹ, á rọlẹ̀, panápaná á sì rí ibi gbé mọ́tò wọn sí. Kò túmọ̀ sí pé iná kò lè fò ó kọjá. Àwọn àgbà wa ní iná ń jó oko, màjàlà ń ṣòfófó. Bí atẹ́gùn bá le, màjàlà tó ṣì ń pọ́n lè fò kọjá ilẹ̀ títú bọ́ sí oko kejì. Ohun tí ilẹ̀ títú ń ṣe ni pé ó ń dín agbára iná kù, ó sì ń ra àkókò fún èèyàn. Fún ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, ìṣẹ́jú díẹ̀ tó rà yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2022, ooru England dé 40.3°C ní Coningsby, ní ìpínlẹ̀ Lincolnshire, láàárín ilẹ̀ àlìkámà gan-an. Kò tíì gbóná tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń wọn ooru níbẹ̀. Ní ọjọ́ yẹn kan náà, iná koríko wọ abúlé Wennington ní ìlà-oòrùn London, ó jó ilé àwọn èèyàn. Panápaná London sọ pé iṣẹ́ kò tíì pọ̀ fún àwọn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní ìgbèríko, àwọn àgbẹ̀ ló gbé katakata àti hárò jáde fúnra wọn, tí wọ́n ń túlẹ̀ níwájú iná kó má baà kọjá. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í dúró de iná mọ́. Ẹ̀rọ ìkórè sábà máa ń kọ́kọ́ gé etí oko yíká kó tó wọ àárín, nítorí náà katakata lè máa túlẹ̀ etí nígbà tí àlìkámà àárín ṣì wà lórí ìdúró. Àwọn àgbẹ̀ mìíràn a so hárò mọ́ katakata, wọ́n a sì gbé e dúró sí ẹnu oko títí ìkórè á fi parí.

Àṣà yìí ti pẹ́ níbẹ̀. Nígbà kan, àwọn àgbẹ̀ England àti Wales máa ń dáná sun kùkùté lẹ́yìn ìkórè, wọ́n á sì kọ́kọ́ túlẹ̀ yí oko ká kí iná má baà sá jáde. Ìjọba fòfin de iná sísun yìí ní 1993, àyàfi ní àwọn ìgbà díẹ̀ tí òfin yọ̀ǹda. Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, dandan ni kí onílẹ̀ ní irú ìlà bẹ́ẹ̀. Òfin Western Australia ti ọdún 1954 fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti pàṣẹ rẹ̀ fún onílẹ̀, òfin South Africa ti 1998 sì ní kí onílẹ̀ tí iná lè ti orí ilẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tàbí ràn wọlé ṣe é sí ààlà rẹ̀.

Kò yẹ kó ṣàjèjì sí ẹni tó mọ Òkè-Ògùn. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí koríko ọ̀dàn gbẹ, tí àwọn ọlọ́dẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sungbó nítorí ọ̀yà, àgbẹ̀ tó ní káṣú tàbí abà iṣu kò ní sùn. Á ti fi ọkọ́ àti àdá ro ìdí oko rẹ̀ yíká kí iná tó dé. Iṣẹ́ kan náà ni, katakata ló yàtọ̀.

Ṣé táyà ló ń ba etí jẹ́?

Bí kò bá jẹ́ iná, èyí ló sábà máa ń jẹ́, mo sì gbà pé òun ni àwọn èèyàn kì í rò rárá.

Ẹ̀rọ ìkórè tí inú rẹ̀ kún fún ọkà lè wúwo ju tọ́ọ̀nù 20 lọ. Katakata tó ń fa ọkọ̀ ọkà lẹ́yìn rẹ̀ náà kò fúyẹ́. Láti ìgbà gbígbìn títí dé ìkórè, ẹ̀rọ ìgbìn wọ oko, ẹ̀rọ oògùn wọ̀ ọ́ léraléra, ẹ̀rọ tó ń fọ́n ajílẹ̀ wọ̀ ọ́, ẹ̀rọ ìkórè tún wọ̀ ọ́. Ní àárín oko, ojú ìlà kan náà ni táyà ẹ̀rọ oògùn àti ti ajílẹ̀ ń gbà lọ gbọnrangandan. Ní etí, gbogbo wọn ló ń yí orí padà, wọ́n ń dúró, wọ́n ń fà sẹ́yìn, ọkọ̀ ọkà sì ń dúró gbọkà níbẹ̀. Ó dà bí ọ̀nà ẹsẹ̀ tó lọ sí odò: bí òjò ti wù kó rọ̀ tó, koríko kì í hù lójú rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ ni pé àwọn àlàfo kéékèèké inú ilẹ̀, tí afẹ́fẹ́ àti omi ń gbà, fún pọ̀ mọ́ ara wọn. Àgbẹ̀ tó bá fura á mú ṣọ́bìrì lọ síbẹ̀. Á gbẹ́ ẹ níbi méjì, ní àárín àti ní etí. Ti àárín á fọ́ wúrúwúrú lọ́wọ́, ihò ekòló á hàn nínú rẹ̀. Ti etí á jáde ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, gbòǹgbò tó wọlẹ̀ á dé ibì kan, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni pé ó kan ògiri. Òjò tó bá rọ̀ sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní rí ọ̀nà wọlé, á dúró lójú ilẹ̀, irúgbìn á sì pọ́n lójú. Ìdí nìyẹn tí àlìkámà etí oko kì í fi so tó ti àárín.

Irin eléékánná gígùn ni wọ́n fi ń wo àrùn yìí. Ó ń wọlẹ̀ lọ sí abẹ́ ibi tó le, ó ń gbé e sókè díẹ̀, ó sì ń jẹ́ kó sán. Oṣù Kẹjọ ló dára jù fún un, nítorí ilẹ̀ gbẹ nígbà náà. Bí ilẹ̀ bá tutù, irin náà kò ní là á, ńṣe ni á máa rẹ́ amọ̀ mọ́ra, ibi tí wọ́n fẹ́ tún ṣe á tún bàjẹ́ sí i. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àgbẹ̀ tó ń kánjú túlẹ̀ etí oko ní ọjọ́ kejì ìkórè, òjò ló ń sá fún. Àárín oko kò ní àìsàn yìí, kí ló fẹ́ lo oògùn sí ibẹ̀ fún?

Èpò àti kòkòrò ńkọ́?

Abẹ́ ọgbà igi tó yí oko ká ni ọ̀pọ̀ èpò ń gbé. Èyí tó ń yọ àgbẹ̀ England lẹ́nu níbẹ̀ jù ni koríko kan tí wọ́n ń pè ní sterile brome. Ẹni tó bá ti rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko níbẹ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn mọ̀ ọ́n: èso rẹ̀ ní irun gígùn ṣóńṣó tó ń há mọ́ ìbọ̀sẹ̀. Láti abẹ́ ọgbà ló ń wọ oko, mítà díẹ̀ lọ́dún kan, títí ẹ̀rọ ìkórè á fi bá a gbé èso rẹ̀ dé àárín.

Èso brome yìí kò fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀. Bó bá wà lójú ilẹ̀ nínú oòrùn, á sùn, kò ní hù. Bí a bá fi erùpẹ̀ díẹ̀ bò ó lẹ́yìn ìkórè, á hù kíákíá. Àgbẹ̀ á jẹ́ kó hù, á pa á, kó tó wá gbin àlìkámà tuntun. Nítorí náà ló ṣe ń fa hárò gba etí oko kọjá, lókè-lókè, láì jìn. Àwọn brome mìíràn wà tó jẹ́ pé òdì-kejì ni tiwọn: wọ́n gbọ́dọ̀ wà lójú ilẹ̀ fún nǹkan bí oṣù kan kí èso wọn gbó, ẹni tó bá yára bò wọ́n mọ́lẹ̀ ti tọ́jú wọn pamọ́ fún ọdún mìíràn nìyẹn. Àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ èyí tó wà ní etí oko rẹ̀ kó tó gbé katakata.

Irú ìgbín kékeré kan tí kò ní ìkarahun náà wà, tó ń jẹ èéhù àlìkámà láti inú ilẹ̀. Koríko etí oko àti abẹ́ pòròpórò tó tutù ló fẹ́ràn. Bí wọ́n bá túlẹ̀ ibẹ̀ nínú oòrùn, ẹyin rẹ̀ á bọ́ síta, á gbẹ.

Ṣé olè wà nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ó wà. Ní Lincolnshire àti Cambridgeshire, bí wọ́n bá ti kórè tán tí ilẹ̀ tẹ́jú lọ, àwọn kan máa ń wa jíìpù wọ inú oko láti fi ajá lé ehoro, wọ́n sì ń ta tẹ́tẹ́ owó ńlá lé e lórí. Òfin ọdún 2004 ti de irú ọdẹ yìí, wọ́n sì tún fi kún ìjìyà rẹ̀ ní 2022. Àwọn àgbẹ̀ kan kì í dúró de ọlọ́pàá. Wọ́n á fi páláò la poro jíjìn sí etí oko, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, kí mọ́tò má baà lè wọlé.

Kí ló dé tí wọn kì í kúkú tú gbogbo oko?

Nítorí pé ilẹ̀ tí kò ní àìsàn, fífi í sílẹ̀ ló ń ṣe é lóore. Ẹ̀kọ́ ilé wa gan-an nìyí. Láti 1970 títí di 1987, Rattan Lal, onímọ̀ ilẹ̀ tó wá láti Íńdíà, ṣiṣẹ́ ní IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn. Ó ṣe ìwádìí níbẹ̀ nípa gbígbìn láì túlẹ̀ àti fífi pòròpórò bo ilẹ̀, kí òjò wa tó le má baà máa gbá ojú ilẹ̀ lọ. Ní 2020, wọ́n fún un ní World Food Prize, ẹ̀bùn àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí pé ilẹ̀ Ìbàdàn wà lára ibi tí ayé ti kọ́ ohun tí àwọn àgbẹ̀ England ń ṣe lónìí.

Ilẹ̀ tí a kò tú, ihò ekòló rẹ̀ kò dí, omi ń gbà á wọlẹ̀. Kùkùté ń ṣíji bò ó kí oòrùn má baà fa ọ̀rinrin inú rẹ̀ tán. Epo katakata kò ṣòfò. Ọkà tó já bọ́ sílẹ̀ ń di oúnjẹ fún àwọn ẹyẹ oko nígbà òtútù, títí kan skylark, tí iye rẹ̀ ti dín kù gan-an níbẹ̀. Ìjọba England pàápàá fi gbígbìn láì túlẹ̀ kún ohun tí àgbẹ̀ lè gbowó lé lórí nínú ètò Sustainable Farming Incentive ní 2024. Ẹ̀rọ ìgbìn òde òní ń la ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín kùkùté, á ju irúgbìn sí i, á sì pa á dé.

Kí ló dé tí ilẹ̀ títú náà kò fi kan ọgbà igi?

Ẹ wò ó dáadáa: láàárín ilẹ̀ dúdú àti ọgbà igi, koríko tútù sábà máa ń wà. Òfin ló fà á. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ England kò gbọ́dọ̀ túlẹ̀ láàárín mítà 2 sí àárín ọgbà igi tó yí oko wọn ká, àyàfi bí oko náà kò bá ju hẹ́kítà 2 lọ. Bí ọ̀nà ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn bá gba etí oko kọjá, wọn kò gbọ́dọ̀ túlẹ̀ rẹ̀ rárá. Èyí tó gba àárín oko kọjá ni wọ́n lè tú bí kò bá rọrùn láti yẹra fún un, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe láàárín ọjọ́ 14. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rìn ìrìn fàájì ní ìgbèríko níbẹ̀, ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín.

Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ láti ojú fèrèsé ọkọ̀?

Bí ilẹ̀ títú náà bá tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò ju ìbú hárò kan tàbí méjì lọ, tó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ojú irin tàbí ilé, iná ni wọ́n ń dènà. Bó bá fẹ̀ gan-an, tó sì jẹ́ pé orí oko méjèèjì tí katakata ti ń yí padà ló wà, táyà ló ti ba ibẹ̀ jẹ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀bá ọgbà igi ni wọ́n kàn họ lókè-lókè, èpò ni. Poro jíjìn kan ṣoṣo lẹ́nu ọ̀nà oko, àwọn alájá ni wọ́n ń lé. Ọ̀pọ̀ ìgbà sì wà tí àgbẹ̀ á fi ìrìn kan ṣe iṣẹ́ mẹ́ta, tí hárò tó fà nítorí iná á tún bá a bo èso èpò mọ́lẹ̀, á sì gbẹ ẹyin ìgbín.

Àwọn etí kan tún wà tí wọ́n á tú ní oṣù Kẹjọ tàbí Kẹsàn-án, tó jẹ́ pé bí ẹ bá padà kọjá níbẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún kejì, koríko àti òdòdó lẹ ó bá níbẹ̀ dípò àlìkámà. Àgbẹ̀ ti yọ ìlà ilẹ̀ yẹn kúrò nínú oko ọkà, ó gbin òdòdó sí i fún oyin àti labalábá, owó ìjọba ló sì ń gbà lórí rẹ̀, nítorí èyí tí ìbá rí nínú àlìkámà etí oko kò pọ̀ tẹ́lẹ̀.